Kì Í Ṣe Ìwọ Lo Ba Aṣọ Náà Jẹ́

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ní àkísà. Ọ̀kan wà lábẹ́ síǹkì mi ní Peckham níhìn-ín tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Súwẹ́tà onírun àgùntàn ni tẹ́lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Owó iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rà á nígbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo bá nílùú ọba. Ìwé péńpé tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀ ní kí n fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, kí ooru omi má ju 30 lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Nígbà tí mo fà á jáde, ọmọ ọdún mẹ́fà ló lè wọ̀ ọ́, ó sì ki bí aṣọ ìbora.

N kò dá a padà. Ojú tì mí. Mo rò pé wọn yóò ní obìnrin yìí kò mọ aṣọ fọ̀, èmi ọmọ aláró, tí wọ́n tọ́ dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró ní Abẹ́òkúta. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé e, mo sì ń fi í nu bàtà. Ìgbà tí mo wá bá alágbàfọ̀ kan ṣiṣẹ́ fún ọdún 19 ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo tó mọ̀ pé owó mi ni mo fi ń nu bàtà.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti wá kàwé, ẹ̀yin tí ẹ ń fi òru tọ́jú arúgbó ní Leeds àti Manchester, àti ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ máa ń ṣe bí aṣọ bá bàjẹ́. Ẹ ó mí kanlẹ̀, ẹ ó ní Ọlọ́run á pèsè òmíràn, ẹ ó sì jù ú sínú àpò ìdọ̀tí. Ọlọ́run á pèsè lóòótọ́. Àmọ́ owó tí ẹ fi òógùn wá yẹn, ẹni tó gbà á ṣì jẹ yín ní àlàyé.

1. Gba àkọlé inú aṣọ bí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó tà á.

Bí ìyá mi bá ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, kò ní jẹ́ kí oníbàárà gbé e lọ láìsọ fún un pé: omi tútù ni kó o fi fọ̀ ọ́, má pa á pọ̀ mọ́ funfun, ibòji ni kó o sá a sí. Àkọlé tirẹ̀ nìyẹn, ẹnu ló fi ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú ìró tó ti di àwọ̀ eérú. Ìyá mi kò pariwo. Ó bi í bó ṣe fọ̀ ọ́. Obìnrin náà to ọ̀rọ̀ ẹsẹẹsẹ: omi tútù, ọṣẹ dúdú, ibòji. Ìyá mi fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ náà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó wá ní, "Aró mi ni kò mú un." Ó tún un pa láró, kò gba kọ́bọ̀.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé mi ò tíì rí òfin tó yé mi tó èyí. Ẹni tó sọ bí wọn yóò ṣe fọ aṣọ ti gba ẹrù aṣọ náà sọ́rùn. Bí o bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí aṣọ sì bàjẹ́, yálà aṣọ náà kò dára ni, tàbí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Èyí ó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, kò sí ọwọ́ rẹ níbẹ̀.

2. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwọn àmì yẹn, kí o tó sanwó.

Àwọn àmì náà ò ṣòro. Àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1963, GINETEX, ló ń bójú tó wọn, wọ́n sì ti wọ inú ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 3758. Ọpọ́n omi dúró fún fífọ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú ọpọ́n ni òkè ooru tí omi lè dé. O lè fi omi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ fọ̀ ọ́, àmọ́ o kò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Ìlà kan lábẹ́ ọpọ́n ní kí ẹ̀rọ rọra yí i. Ìlà méjì ní kó rọra gan-an. Bí ọwọ́ bá wà nínú ọpọ́n, ọwọ́ ni kó o fi fọ̀ ọ́. Onígun mẹ́ta jẹ́ ti bílíìṣì, onígun mẹ́rin jẹ́ ti gbígbẹ, èyí tí róbótó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Bí róbótó kéékèèké tó wà lára àmì ìlọṣọ bá ṣe pọ̀ tó ni ooru ṣe lè pọ̀ tó. Róbótó lásán jẹ́ ti alágbàfọ̀. Lẹ́tà inú rẹ̀, òun ló yé, má dààmú orí rẹ. Ohunkóhun tí wọ́n bá fa ìlà kọjá lórí rẹ̀, èèwọ̀ aṣọ náà nìyẹn.

Ó lè yà yín lẹ́nu pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fi dandan mú ọlọ́jà láti kọ bí wọn yóò ṣe fọ aṣọ. Ohun tó di dandan ni kó kọ irú òwú tí wọ́n fi hun ún. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti so mọ́ ọn lọ́rùn.

3. Mọ ohun tó ń ba aṣọ jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ dà ọ́ láàmú.

Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wínníwínní bíi ti ẹja. Ojú lásán kò lè rí i. Bí omi gbígbóná, ọṣẹ àti ìgbọ̀nrìrì bá pàdé lára rẹ̀, àwọn ìpẹ́ náà á gbá ara wọn mú, wọn kò sì ní jọ̀wọ́ ara wọn mọ́ láyé. Ìdí nìyẹn tí súwẹ́tà mi fi ki. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fọ irun àgùntàn gbọ́dọ̀ ti tọ́jú ìpẹ́ yẹn kí wọ́n tó hun ún. Bí wọn kò bá ṣe é, kí wọ́n ya ọwọ́ sínú ọpọ́n. Ti òwú yàtọ̀. Wọ́n ti nà án ní iléeṣẹ́, ìgbà tó bá kan omi ni yóò padà sí bó ṣe wà, nítorí náà díẹ̀ ló máa ń súnkì. Bí àwọ̀ bá ń ṣí, àwọ̀ tó pọ̀ jù ni wọn kò ṣan dànù, tàbí wọn kò mú un mọ́ aṣọ dáadáa. Ìyá mi ìbá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í kíyè sí ni aṣọ inú. Kóòtù kan lè wà tí òde rẹ̀ kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n tí aṣọ inú rẹ̀ ti súnkì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá ń ká wọlé bí etí ewé gbígbẹ. Àkọlé kan ló wà fún òde àti inú, bọ́tìnnì àti ìlẹ̀kẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá lè gba irú ìfọ̀ tí àkọlé náà pè, àléébù ni.

4. Mọ ẹ̀tọ́ rẹ, kí o sì ka ọjọ́.

Consumer Rights Act ti ọdún 2015 ni òfin tó kàn wá níhìn-ín. Ó ní ọjà tí ọlọ́jà bá tà fún ọ gbọ́dọ̀ dára tó bó ṣe yẹ, kó wúlò fún ohun tí wọ́n ń rà á fún, kó sì bá bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀ mu. Abala 9 rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ó sọ ọ́ kedere pé bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà dára tó, ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ nínú ìpolówó tàbí lára àkọlé wà lára ohun tí a ó wò, kódà bó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ tó ṣe é ló sọ ọ́. Nítorí náà, ìwé péńpé yẹn lẹ́nu nílé ẹjọ́.

Ọjọ́ 30 lo ní láti kọ aṣọ tó ní àléébù pátápátá, kí o sì gba gbogbo owó rẹ. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ìwọ ni wàá fi hàn pé àléébù wà lára rẹ̀. Bí ọjọ́ 30 bá kọjá tí kò sì tíì pé oṣù 6, òfin á gbà pé àléébù náà ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti gbà á, àfi bí ọlọ́jà bá lè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wàá fún un láyè lẹ́ẹ̀kan kó tún un ṣe tàbí kó fún ọ ní òmíràn. Súwẹ́tà tó ti súnkì kò ṣeé tún ṣe. Òmíràn ni yóò mú wá. Bí èkejì bá tún súnkì, gba owó rẹ, kò sì gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kan pé o ti wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn oṣù 6, ẹrù ẹ̀rí padà sọ́rùn rẹ, wọ́n sì lè dín owó náà kù nítorí pé o ti lò ó. Ní England àti Wales, ọdún 6 ni àyè fi ṣí sílẹ̀ láti lọ sí kóòtù. Ní Scotland, ọdún 5 ni.

Wọn yóò sọ fún ọ pé kó o lọ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó rán aṣọ náà. Má gbà. Ọwọ́ ṣọ́ọ̀bù lo kó owó lé, ṣọ́ọ̀bù ló ní èsì. Wọn yóò ní ọjà ẹ̀dínwó ni, àwọn kì í gbà á padà. Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ ni kò wù ọ́ mọ́, nítorí òfin kò fi dandan mú ṣọ́ọ̀bù láti gba ohun tí kò wu ni padà. Bí àléébù bá wà lára rẹ̀, kò sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tó lè pa ẹ̀tọ́ rẹ rẹ́. Èyí tó o bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tún ní ọjọ́ 14 tirẹ̀ tó o fi lè yí ọkàn padà, yálà ó bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́.

5. Ẹnu òfìfo kì í dún nàmùnàmù. Kó ẹ̀rí jọ.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ máa ń gé àkọlé dànù nítorí pé ó ń yún yín lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú méjèèjì kí ẹ tó gé e, kí ẹ sì fi èyí tí ẹ gé pamọ́ sínú àpò rìsíìtì. Bí rìsíìtì bá sọnù, àkọsílẹ̀ báǹkì tó fi ọjọ́ àti iye owó hàn ń jẹ́ ẹ̀rí. Bí aṣọ bá bàjẹ́, má tún un fọ̀. Má fi bílíìṣì gbìyànjú láti mú àbàwọ́n kúrò, má nà án, má lọ̀ ọ́. Ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tépù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ mìíràn tí ìwọ̀n wọn jọ jẹ́ ọ̀kan náà, kí wọ́n lè rí bó ṣe súnkì tó. Kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ọjọ́ tó o fọ̀ ọ́, ooru tó o yí ẹ̀rọ sí, ọṣẹ tó o lò, ohun mìíràn tó wà nínú ẹ̀rọ. Ohun tí ènìyàn kọ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ ju ohun tó rántí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta lọ.

6. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra gáùn kan fún ìkómọ, apá kan dúdú, apá kan funfun, pọ́ùn 68. Àkọlé ní 40. Omi 30 ni mo lò, òun nìkan ló sì wà nínú ẹ̀rọ. Dúdú ṣàn wọ inú funfun, gáùn náà wá dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Ní ọjọ́ kejìlá, mo wọ aṣọ mi dáadáa, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á. Ọmọbìnrin tó wà nídìí owó ní aṣọ dúdú mìíràn ni mo fi kún un.

N kò bá a jà. Ọmọ ọlọ́mọ ni, kì í ṣe òun ló pa á láró. Mo yí gáùn náà síta, mo na abẹ́ apá rẹ̀ sórí tábìlì. Níbi tí dúdú àti funfun ti pàdé gan-an, àbàwọ́n náà ki. Bó ṣe ń jìnnà sí ojú ìrán ló ń fúyẹ́. Mo ní, "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ pé aṣọ mìíràn ló ṣe é, gbogbo rẹ̀ ni ìbá kàn. Wo ibi tó ti ń bọ̀." Ó fi ìka tẹ̀lé e, ó dákẹ́, ó lọ pe máníjà. Máníjà ní òun yóò fún mi ní káàdì tí n ó fi ra nǹkan mìíràn níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní owó ni mo fi rà á, owó ni mo sì fẹ́, ọjọ́ 30 kò tíì pé. Kò jiyàn. Owó náà ti wọ báǹkì mi kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Bí o bá lọ, sọ ohun mẹ́ta péré: ohun tí àkọlé wí, ohun tí o ṣe, ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ ohun tí o fẹ́, kí o sì dákẹ́. Ariwo máa ń fún wọn láyè láti sọ̀rọ̀ nípa ariwo.

7. Má purọ́.

Bí àkọlé bá ní alágbàfọ̀ nìkan, tó o jù ú sínú ẹ̀rọ, tìrẹ ni. Bí ó bá ní 30, tó o yí i sí 60 nítorí pé ó dọ̀tí, tìrẹ ni. Mo ti rí irun àgùntàn tí wọ́n bọ̀ bí ẹni bọ iṣu, tí olówó rẹ̀ sì ń búra. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí òótọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

8. Bí alágbàfọ̀ bá wà láàárín, bi í pé ta ló ṣẹ̀.

Iṣẹ́ mi nìyí, mo lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Òfin 2015 yẹn kan náà ní kí alágbàfọ̀ fi ọgbọ́n àti ìtọ́jú tó yẹ ṣiṣẹ́. Ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri pé ewu wà lọ́rùn ẹni tó ni aṣọ kò yọ ọ́ nínú èyí. Bí kò bá tẹ̀lé àkọlé, òun ni yóò san án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí aṣọ náà tó lọ́jọ́ náà ni yóò san, kì í ṣe iye tí o rà á lójú tuntun. Bí ó bá tẹ̀lé e tí aṣọ sì bàjẹ́, padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ọkùnrin kan gbé kóòtù ìyàwó rẹ̀ wá rí, lẹ́tà P wà nínú róbótó rẹ̀. A fọ̀ ọ́ bí lẹ́tà náà ṣe wí. Àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ yọ́ bí àdí lórí iná, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ọ̀gá mi kọ ìwé fún un pé báyìí báyìí ni a ṣe fọ̀ ọ́, ìwé yẹn ló sì fi gba owó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ máa béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀.

9. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ọ̀nà ṣì wà.

Kọ ọ́ sínú ímeèlì, dá ọjọ́ 14 fún wọn. Bí o bá fi káàdì àwìn san owó náà, tí iye aṣọ náà ju pọ́ùn 100 lọ, tí kò sì kọjá 30,000, abala 75 nínú òfin Consumer Credit Act ti 1974 so ilé káàdì mọ́ ṣọ́ọ̀bù. O lè béèrè owó rẹ lọ́wọ́ wọn tààrà. Bó bá jẹ́ káàdì báǹkì lásán, bi báǹkì rẹ bóyá wọ́n lè fa owó náà padà. Citizens Advice á gbà ọ́ nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹjọ́ kékeré ní England àti Wales gba ohun tí kò ju pọ́ùn 10,000 lọ, o kò sì nílò lọ́yà.

10. Ti léèsì, àti ti àwọn ará ilé.

Léèsì àti aǹkárá tí wọ́n ń tà ní yáàdì, àkọlé kì í sábà wà lára wọn. Bi ìyá tó ń tà á bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́, kí o sì ní kó fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Kò ní bínú. Bí ó bá bínú, ra tẹlòmíràn. Gé ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lára rẹ̀, fọ̀ ọ́ kí télọ̀ tó fọwọ́ kàn án, àgàgà bó bá jẹ́ aṣọ ẹbí tí ogún ènìyàn ti dáwó sí.

Nílé ní Nàìjíríà, òfin ìdíje àti ààbò òǹrajà ti ọdún 2018 ló dá àjọ FCCPC sílẹ̀, àjọ náà sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìwé tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ń lẹ̀ pé kò sí dídá owó padà lẹ́yìn ìsanwó kò bófin mu bí ọjà bá ní àléébù. Àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà ní òfin tiwọn tí Federal Trade Commission ṣe lọ́dún 1971: àkọlé ìtọ́jú di dandan níbẹ̀, iléeṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tó múnádóko fún ohun tó kọ. Wọ́n ti ń gbèrò láti pa òfin yẹn rẹ́, àmọ́ lọ́dún 2021 wọ́n dìbò pé kó dúró. Inú mi dùn sí i.

Lálẹ́ àná, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Leeds, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Súwẹ́tà tó rà fún iṣẹ́ tuntun ti súnkì. Ó ní, "Mọ̀mí, mo rò pé èmi ni mo bà á jẹ́." Mo ní kó ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Ó ní ọpọ́n ni, 30 wà nínú rẹ̀, ìlà méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo bi í ibi tó yí ẹ̀rọ sí. Ó ní ti irun àgùntàn, 30. Ọjọ́ mélòó? Ọjọ́ 22. Rìsíìtì ńkọ́? Ó wà nínú fóònù. Mo ní kó gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì, kó fi tépù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó ya fọ́tò. Ọjọ́ Sátidé yìí ni kò níṣẹ́. Ó ti ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lòun yóò dé ṣọ́ọ̀bù náà.